Ogójì Bẹ́ǹṣì Dirẹkítọ̀ Fọlọ́runṣọ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ irú ẹni tí ọ̀gá ilé-ìwé wa jẹ́, ẹ kọ́kọ́ gbọ́ èyí: lọ́jọ́ tó gbéyàwó, oko ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wà tó ń kọ ebè. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìgbéyàwó wà. Nígbà tí wọ́n bi ọkọ ìyàwó léèrè ìdí rẹ̀, ó ní òun ti kọ orúkọ ẹ̀gbọ́n òun sínú ìwé àwọn àlejò, lókè pátápátá. Ìwé náà wà nínú àpótí rẹ̀, ó sì ti tì í pa. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìtàn yìí fún wa, ó sì sọ ọ́ bíi pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló jẹ̀bi.

Fọlọ́runṣọ́ Vincent lorúkọ rẹ̀. Dirẹkítọ̀ ni gbogbo wa ń pè é. Èmi ni Lucie, kíláàsì kẹta ni mò ń kọ́. Ọdún kẹsàn-án mi nìyí lábẹ́ rẹ̀, n kò sì tíì lù ú, kí Ọlọ́run kà á sí rere fún mi. Abúlé wa kò jìnnà sí Akparé, ní ilẹ̀ Tógò. Olùkọ́ mẹ́fà ni wá, òun náà wà níbẹ̀ tó ń kọ́ kíláàsì kẹfà. A ní igi máńgòrò mẹ́ta, a sì ní ogójì bẹ́ǹṣì tó lágbára, tí gbogbo abúlé fi ń yangàn.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o, ọkùnrin náà mọ ètò í ṣe. Ó ní ìwé kàyé kan tó nípọn, ó sì ní báírò mẹ́ta. Búlúù ló fi ń kọ ohun tí a máa ṣe, pupa ló fi ń kọ orúkọ ẹni tí yóò ṣe é, àwọ̀ ewé ló fi ń kọ aago. Láti oṣù kìíní ló ti ń mọ ẹni tí yóò gbá ojúde ilé-ìwé ní oṣù kẹfà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹni tí yóò gbá a kò mọ̀. Bí o bá bi í, á ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odidi. Bẹ́ẹ̀ ni, òwe àwọn àgbà ni. Ṣùgbọ́n Dirẹkítọ̀ wa kì í sọ àbọ̀ pàápàá. Bí ó bá sọ ìdá kan nínú mẹ́jọ, ká dúpẹ́. A ní ẹgbẹ́ olùkọ́ lórí Wásáàpù, òun ló sì dá a sílẹ̀. Àwòrán òdòdó àti àdúrà òwúrọ̀ ló ń fi ránṣẹ́ síbẹ̀ lójoojúmọ́. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kò tíì débẹ̀ rí.

Kì í ṣe ìgbéraga, kí n má pa irọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀rù ayé ló ń bà á. Bàbá rẹ̀ ti kọ́ ọ láti kékeré pé ohun tí èèyàn bá ń gbèrò, kó fi sínú títí yóò fi bọ́ sí i, nítorí a kò mọ ojú tó ń wo ni. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló gbàgbé ẹ̀kọ́ yìí. Ó dúró níwájú gbogbo òbí, ó ní wọ́n ń bọ̀ wá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ sí ilé-ìwé. Ọdún mẹ́rin rèé, garawa làwọn ọmọ ṣì fi ń pọnmi lódò. Láti ọjọ́ náà ló ti pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ní oṣù kẹfà ọdún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ tí mò ń bọ̀ wá sọ ti bẹ̀rẹ̀. Abúlé wa kì í ṣe ibùdó ìdánwò nígbà náà. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà tó fẹ́ ṣe ìdánwò sẹ̀tìfíkà kí wọ́n lè wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní láti rin kìlómítà mọ́kànlá lọ sí ìlú mìíràn, odò kan sì wà lágbedeméjì. Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ ìdánwò. Bùsáyọ̀, ọmọbìnrin tó mọ̀wé jù ní kíláàsì Dirẹkítọ̀, tó ń ṣe ìṣirò bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà, dé ibẹ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ dé orúnkún, ó sì bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọ́n ti pín ìwé ìdánwò, òfin sì ni òfin. Ọmọ náà kò sunkún. Dirẹkítọ̀ ló sunkún. Mo rí i lẹ́yìn ilé ìdáná ilé-ìwé, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni títí di òní tí mò ń kọ èyí.

Bùsáyọ̀ tún kíláàsì kẹfà ṣe. Bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́ gbangba pé bí ọdún yìí náà bá bọ́, ìlú Glei ló ń lọ láti kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán. Dirẹkítọ̀ wá pinnu nínú ara rẹ̀ pé abúlé wa ni ibùdó ìdánwò yóò wà lọ́dún yìí. Ó kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́. Wọ́n dá a lóhùn pé alábẹ̀wò kan ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì kan ní oṣù kejì, ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀. Yóò ka bẹ́ǹṣì: ogójì, kò gbọdọ̀ dín ẹyọ kan. Yóò sì bá gbogbo olùkọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Dirẹkítọ̀ ki lẹ́tà náà bọ àpò, ó kọ ètò tó gba ojú ìwé mẹ́rin, ó sì dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko.

Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ tí alábẹ̀wò ń bọ̀, ó ní òun ń lọ sí Atakpamé nítorí ọ̀ràn kékeré kan. Ọ̀dà funfun àti aṣọ tábìlì ni ọ̀ràn kékeré náà, a kò mọ̀. Àwa jókòó sábẹ́ máńgòrò, a ń jẹ àyìmólú wa, ìrẹsì àti ẹ̀wà tó gbóná fẹlifẹli, nígbà tí àwọn ọmọ Bàbárímisá dé pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ akẹ́rù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Bàbárímisá ni olórí agboolé tó wà ní ìsàlẹ̀ oko igi tíkì. Ìyá rẹ̀ ti kú, ìyá arúgbó tó rí ọmọ ọmọ ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọn yóò sin ín. Wọ́n wá yá bẹ́ǹṣì.

Lọ́dọ̀ wa, bẹ́ǹṣì ilé-ìwé ni olókùú ń jókòó lé. Kò sẹ́ni tó ń kọ̀ ọ́. Bí o bá kọ̀, orí kí ni àwọn èèyàn yóò jókòó lé lọ́jọ́ tí tìrẹ bá kàn? Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ́ ẹní fún ọjọ́ mélòó kan, inú wọn á sì máa dùn. Nígbà tí Dirẹkítọ̀ kò sí nílé, èmi ni àgbà. Mo ní kí wọ́n kó o. Mo tilẹ̀ bá wọn kà á, ogójì géérégé. Mo lọ sílé lọ́jọ́ náà pẹ̀lú inú dídùn, mo ń yin ara mi pé n kò láhun.

Láàárọ̀ Ọjọ́bọ, Dirẹkítọ̀ sọ̀kalẹ̀ lẹ́yìn alùpùpù pẹ̀lú garawa ọ̀dà méjì. Ó wo inú kíláàsì kìíní. Ó wo ìkejì. Ó wá bá mi.

"Màdáàmù Lucie, bẹ́ǹṣì mi dà?"

"Ẹ káàárọ̀, Dirẹkítọ̀. Ó wà nílé Bàbárímisá. Ìyá wọn ló ṣaláìsí."

Ó gbé garawa kalẹ̀. "Ọ̀la ni alábẹ̀wò ń bọ̀."

"Alábẹ̀wò wo?"

"Alábẹ̀wò ibùdó ìdánwò!"

"Ibùdó ìdánwò wo?"

Elvis, tó ń kọ́ kíláàsì karùn-ún, yọ jáde pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú. "Ọ̀la kẹ̀? Ọ̀la ni mò ń lọ sí ọsibítù nítorí eyín mi. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fún mi láyè, Dirẹkítọ̀."

"Mo mọ̀," ni Dirẹkítọ̀ wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. "Mo ti kọ ọ́ sínú kàyé pé kí n sọ fún ọ pé kò ní ṣeé ṣe."

Ó wá ṣí kàyé náà fún wa. Gbogbo wa wà níbẹ̀ ní báírò pupa. Èmi ni mo máa tẹ́ aṣọ tábìlì. Èmi ni mo máa gbé omi tútù wá. Ní ìsàlẹ̀, ní aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ó kọ ọ́ pé: "Lucie, ẹ̀rín."

Ẹnu mi mú, mo mọ̀ ọ́n lára mi, ìyá mi sì ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yìí, inú ló bí mi dé góńgó. "Dirẹkítọ̀, ẹ kọ ẹ̀rín mi sínú ìwé, ẹ kò sì sọ fún ẹnu tí yóò rín in! Bí ẹ bá ti sọ gbólóhùn kan péré fún mi, ṣé mo lè yá èèyàn ní ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì kan? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta! Ajá ilé mi kì í dákẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta!"

Kò bá mi jà. Ó jókòó sórí garawa ọ̀dà. "Mo rò pé bí mo bá sọ ọ́, yóò bàjẹ́ bíi ti kànga," ó ní. "Kí ni mo máa wá sọ fún Bùsáyọ̀?"

Ìbínú mi kú síbẹ̀. Mo ní kó dìde ká lọ sílé Bàbárímisá. Ó ní kí la fẹ́ lọ wí, ṣebí mo mọ èèwọ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Ìjókòó tí a bá ti tẹ́ fún olókùú, a kì í fà á yọ lábẹ́ wọn kí òkú tó wọlẹ̀. Ẹni tó bá ṣe é ti lé òkú náà jáde nílé ara rẹ̀ nìyẹn. Mo ní a ó kàn lọ sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí ni, nítorí òun gan-an ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣe.

Bàbárímisá wà lójúde, àwọn èèyàn rẹ̀ sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì wa yí i ká. A kí wọn kú àṣẹ̀yìndè. Dirẹkítọ̀ bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀: "Bàbá, ọ̀ràn kékeré kan ló wà tó fẹ́ jọ pé, bí ó bá ṣe pé, bóyá lọ́la..." Bàbá ń wò ó bí ẹni ń wo ẹni tí egungun ẹja há lọ́nà ọ̀fun. N kò lè fara dà á mọ́. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí Bàbá jẹ́ kí n sọ ọ́. Mo sọ ẹni tó ń bọ̀, ọjọ́ tó ń bọ̀, aago tó ń bọ̀, iye bẹ́ǹṣì tó fẹ́ kà. Mo sọ ọ̀rọ̀ Bùsáyọ̀ àti ẹrẹ̀ orúnkún rẹ̀. Mo ní a mọ̀ pé bẹ́ǹṣì kò ṣeé kó, a kò wá kó o, a wá sọ ibi tó dùn wá ni.

Bàbárímisá ronú. "Yóò tó wákàtí mélòó níbẹ̀?"

"Wákàtí kan, Bàbá. Bó pẹ́ tán, méjì."

"Ṣé ó sọ pé kí bẹ́ǹṣì ṣófo ni kí òun tó kà á?"

Mo wo Dirẹkítọ̀. Ó mú lẹ́tà jáde lápò fún ìgbà àkọ́kọ́, ó kà á látòkè dé ilẹ̀. "Rárá, Bàbá. Kò sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa nígbà yẹn. Bẹ́ǹṣì kò gbọdọ̀ fi olókùú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ní olókùú kò lè bá bẹ́ǹṣì rìn?"

Àwọn àgbà wo ara wọn, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ láàárín wọn, nítorí òkú àgbà ni, ẹ̀rín kò jẹ́ èèwọ̀ níbẹ̀. Bàbárímisá pe àwọn ọmọ rẹ̀. Ó sọ fún àkọ́bí pé kẹ̀kẹ́ akẹ́rù yóò gbéra ní aago mẹ́fà, ogún bẹ́ǹṣì lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, "Kí ni mo wí?" Àkọ́bí tún un sọ. Ó yíjú sí ọmọ rẹ̀ obìnrin pé kí àwọn àgbà jẹun kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, ẹnì kan kò gbọdọ̀ gbé ọtí sódábì dání. "Kí ni mo wí?" Òun náà tún un sọ. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ kárí àwọn èèyàn bíi méjìlá. Ọmọkùnrin kan ní aago méje dípò mẹ́fà, wọ́n fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi sọ ọ́ dáadáa. Bàbá kò kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀wé kọ. Dirẹkítọ̀ dúró pẹ̀lú kàyé rẹ̀ lábẹ́ abíyá, ó lanu sílẹ̀.

Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án lọ́jọ́ Ẹtì, alábẹ̀wò dé. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó gbé jígí sójú. Ó wọ inú kíláàsì ńlá wa, ó bá ogójì bẹ́ǹṣì ní ìlà márùn-ún, méjì-méjì sì ni àwọn àgbà tó wọ aṣọ ọ̀fọ̀ jókòó sórí wọn láti iwájú dé ẹ̀yìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú kakí wọn rọ̀ mọ́ ojú fèrèsé. Bàbá kan nínú ìlà kẹta ti sùn, ó ń hanrun. Alábẹ̀wò bọ́ jígí, ó nù ún, ó tún gbé e sójú.

"Ṣé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín nìyí?"

Bàbárímisá dá a lóhùn láti bẹ́ǹṣì àkọ́kọ́: "Rárá, Mùsíọ̀. Olókùú ni wá. Bẹ́ǹṣì lẹ wá kà, ẹ máa kà á. Ẹ ṣáà má ka àwa mọ́ ọn, a kì í ka ọmọ fún olọ́mọ."

Mo rántí iṣẹ́ mi, mo rẹ́rìn-ín. Alábẹ̀wò kò rẹ́rìn-ín. Ó ka bẹ́ǹṣì, ó pé ogójì. Ó ka olùkọ́, mẹ́fà ni wá, Elvis fi aṣọ ìnujú di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó wá dojú kọ mí. "Màdáàmù, láti ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé mò ń bọ̀?"

Mo ti pèsè irọ́ kan tó dán sílẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fẹ́ wí. Mo mọ̀ pé bí mo bá sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Kí n tó la ẹnu, Dirẹkítọ̀ sọ̀rọ̀.

"Àná ni wọ́n mọ̀. Èmi ni n kò sọ fún wọn."

"Ṣebí lẹ́tà sọ pé kí ẹ kà á sétí gbogbo olùkọ́?"

"Mo rí i, Mùsíọ̀. Mo fi báírò pupa fàlà sí i nídìí."

"Ta ló wá ṣètò èyí láti àná?"

Dirẹkítọ̀ nawọ́ sí Bàbárímisá. Ojú ń tì í, gbogbo wa rí i, ṣùgbọ́n kò gbé ojú kúrò. Ó sọ ohun gbogbo, kò fi nǹkan kan pamọ́: Bùsáyọ̀, kànga, ìbẹ̀rù rẹ̀. N kò gbọ́ kí ọkùnrin yẹn sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú mi dùn sí i gan-an, ó sì tún ń bí mi pé kò ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọdún mẹ́sàn-án wá.

Alábẹ̀wò jókòó sétí tábìlì mi. "Bẹ́ǹṣì pé," ó ní, "olùkọ́ pé. Ẹnu ni kò pé. Ẹ sọ fún wọn níwájú mi, báyìí, iṣẹ́ tí oníkálukú yóò ṣe lọ́jọ́ ìdánwò. Bí mo bá gbọ́ ọ, màá fọwọ́ sí i."

Dirẹkítọ̀ pa kàyé rẹ̀ dé. Ó pe Elvis, ó sọ iṣẹ́ rẹ̀ àti aago rẹ̀. Ká tó mí, Bàbárímisá ti kígbe láti bẹ́ǹṣì rẹ̀: "Kí ni ó wí?" Elvis tún un sọ pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú, gbogbo olókùú sì gbè é lẹ́sẹ̀ pé ó gbà á. Nígbà tó kàn mí, èmi ni mo máa lọ láti ilé dé ilé ní aago márùn-ún ààbọ̀, láti jí àwọn ọmọ. Mo tún un sọ ketekete. Àní bàbá tó ń sùn jí, ó béèrè iṣẹ́ tirẹ̀. Alábẹ̀wò bú sẹ́rìn-ín wàyí, ó sì mú báírò.

Láti ọjọ́ náà ni Dirẹkítọ̀ kò ti jẹ́ ká sinmi. Ó ń sọ ọ́ láàárọ̀, ó ń sọ ọ́ lọ́sàn-án, ó ń kọ ọ́ sáàárín òdòdó lórí Wásáàpù, á sì bi wá pé kí ni òun wí. Ó tilẹ̀ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù láti sọ fún un pé ìdánwò ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ní ọmọ nílé-ìwé. Mo ti ń ṣàárò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ìdánwò pé ní oṣù kẹfà. Àwọn olùkọ́ àjèjì tó wá ṣọ́ ìdánwò ti dúró sáyè wọn, àwọn ọmọ ti jókòó. Dirẹkítọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń dá a lóhùn. Nígbà tó kan Bùsáyọ̀, ó la ẹnu, ohùn kò jáde. Ó húkọ́ díẹ̀, ó tún gbìyànjú, kò jáde síbẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀, gbogbo àwa olùkọ́.

Bùsáyọ̀ dìde fúnra rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì kejì. "Mo wà níbí, Dirẹkítọ̀," ó ní. "Láti aago mẹ́fà ni mo ti wà níbí."